Ìbọ̀wọ́ Gàgàrà àti Rédíò Tuntun

Ìbọ̀wọ́ náà wà lórí tábìlì, kò sí àmì iná lára rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń jẹ Abèèrè lọ́kàn. Iná ti sọ sítọ̀ọ̀ fóòmù di eérú, ó ti mú panápaná kan lọ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà ò jó. Abẹ́ àyà rẹ̀ ni wọ́n ti bá a, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀ bí ẹni tó ń padà bọ̀ wá mú un. Ìbọ̀wọ́ òsì wà lọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún wà ní ìhòòhò, ó sì di rédíò mú gírígírí débi pé ńṣe ni wọ́n ń ká ìka rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló ń mú panápaná bọ́ ìbọ̀wọ́ láàárín iná?" Abèèrè béèrè.

"Màmá, a ti kúrò níbẹ̀ yẹn," ọ̀gá ibùdó panápaná dá a lóhùn. "Ọmọbìnrin yàrá rédíò ti jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú yìí ké pè é, ó sùn, kò gbọ́. Ó parí. Ẹ jẹ́ ká ráyè sin òkú."

"Ta ló gbọ́ ọ pé ó ké?"

Ọ̀gá wò ó bí ẹni tí eṣinṣin kó sí lẹ́nu.

Ẹ má wo obìnrin yìí ní kúkúrú o. Iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ti hu ewú sí i lórí, àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì sọ ọ́ ní Abèèrè, torí wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á bi ọ́ pé ta ló sọ fún ọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí kò sẹ́ni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Òkú ọ̀dọ́ ló wà nílẹ̀, wọ́n sì ti ti àbúrò òkú mọ́lé.

Gàgàrà ni wọ́n ń pe olóògbé náà, torí ó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó wọ ilé ara rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń pè ní Olóhùn-Iyọ̀. Ìyá kan náà ló bí wọn, ibùdó kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́: ẹ̀gbọ́n ń wọ iná, àbúrò ń jókòó ti rédíò nínú yàrá, òun ló ń gbọ́ ohùn gbogbo àwọn tó wà níta, òun ló sì ń rán èèyàn sí ẹni tó bá wà nínú ewu.

Rédíò náà kò tíì gbó lọ́wọ́ wọn. Ohùn ti àtijọ́ ò lè kọjá ẹ̀yìn òkè. Bí ọkọ̀ bá ti gun afárá, ó ti di ṣáá-ṣáá, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹnì kan mọ́. Ìjọba wá ri àwọn òpó gíga mọ́ orí òkè káàkiri, kí panápaná, ọlọ́pàá àti ọkọ̀ aláìsàn gbogbo agbègbè lè máa gbọ́ ara wọn láti ìlú dé ìlú. Ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, ọ̀gá bá ìlú tó wà lẹ́yìn òkè kẹta sọ̀rọ̀, wọ́n dá a lóhùn ketekete, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Iná sítọ̀ọ̀ fóòmù yìí ni iná ńlá àkọ́kọ́ lẹ́yìn àtẹ́wọ́ náà.

"Kò sí nǹkan tó ṣe rédíò," ọ̀gá ní. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ní ti ìbọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Wọ́n ní onísítọ̀ọ̀ ní àpótí owó kan níbẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣí àpótí, kò ní fi ìbọ̀wọ́ ṣí i. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ o."

"Ẹnu yín ló ti jáde, ọ̀gá. Níbo ni àpótí ọ̀hún wà?"

"Ọ́fíìsì iwájú."

"Ẹ̀yìn pátápátá ni òkú wà, igi àjà sì wó lé e lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Àfi tí ọwọ́ rẹ̀ bá gùn bí àkàbà." Ó gbé ìbọ̀wọ́ náà, ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi olóògbé sílẹ̀ kó sinmi. Ẹni tó ti kú ò lè fèsì."

* * *

Olóhùn-Iyọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní àtìmọ́lé, ó káwọ́ mọ́ra bí ẹni tí òtútù mú, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn lójú fèrèsé.

"O kú ará fẹ́ra kù, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, Màmá."

"Wọ́n ní o sùn."

"Mo sùn."

"Lọ́sàn-án gangan?"

"Oorun ò mọ ọ̀sán."

"O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ wà nínú iná, o sì sùn?"

"Mo sùn, Màmá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Nígbà tí o jí, kí lo kọ́kọ́ gbọ́?"

Ọmọbìnrin náà kọjú sí ògiri. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ló wí, ohùn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ sì ti há pátápátá. "Ẹ kàn kọ ọ́ pé mo sùn. Màmá mi ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun?"

"Mi ò tíì débẹ̀."

"Wọ́n ló ní òun ò bí mi. Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ará ilé. Ẹ má bá a wí o. Ó tọ̀nà."

Abèèrè mọ irọ́ bí ẹní mowó. Ó ti rí olè tó ń purọ́, ó ti rí apààyàn tó ń purọ́, gbogbo wọn ló ń purọ́ kí ilẹ̀kùn lè ṣí fún wọn. Eléyìí ń purọ́ kí wọ́n lè tì í mọ́ òun. Inú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà bàjẹ́, torí irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kì í wá láti ibi tó dára.

* * *

Ó lọ sí yàrá rédíò, ó jókòó sórí àga Olóhùn-Iyọ̀, ó sì ní kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ han òun.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Màmá, ẹ má jọ̀wọ́ rẹ̀. Yóò ké píì. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó ké píì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi. Ẹnikẹ́ni tó bá bá yàrá yìí sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ iná sítọ̀ọ̀ fóòmù, kó jọ̀ọ́, kó dá mi lóhùn."

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ohùn ọkùnrin kan fi wọlé, ó mọ́ gaara bí ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Èmi ni, Màmá. Awakọ̀ aláìsàn ni mí, a wà lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún. Mo gbé aboyún kan lọ́jọ́ náà, omi gbé ọ̀nà lọ, mi ò mọ ibi tí mo lè gbà. Àǹtí yẹn ló ń júwe ọ̀nà fún mi láti kọ́nà dé kọ́nà títí mo fi dé ọsibítù. Obìnrin náà ti bí. Ẹ bá mi kí i."

"Ìgbà wo ni? Ṣé iná ti ń jó?"

"Ó ń jó, Màmá. A rí èéfín dúdú yẹn láti ọ̀dọ̀ wa."

"Ṣé kò sùn láàárín ọ̀rọ̀ yín?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń sùn nínú irú ẹ̀? Ńṣe ló ń sọ fún mi léraléra pé kí n dákẹ́ díẹ̀ kí òun fetí sí ẹ̀gbọ́n òun. Á dákẹ́, èmi náà á dákẹ́, á wá ní, 'Ó dáa, ẹ máa bọ̀.' Ṣé nǹkan ṣe é ni?"

Abèèrè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jọ̀wọ́ bọ́tìnnì. Ìyẹn ni pé kò sùn. Ó ń gbọ́ ìlú tí etí ibùdó yẹn ò dé rí láyé, ó sì ń fetí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nítòsí, kò gbọ́ nǹkan kan. Kí ló wá dé tó fi jẹ́wọ́ oorun tí kò sùn?

* * *

Ẹnjiníà tó ri àwọn òpó náà mọ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti gbàgbé àtifá irùngbọ̀n látọjọ́ iná.

"Mo ti yẹ rédíò náà wò, Màmá. Bátìrì kún. Kò sí ibi tó bàjẹ́."

"Bóyá òpó yín ò dé inú ilé yẹn. Ògiri rẹ̀ nípọn."

"Ì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀!" ló wí, omi sì lé sójú rẹ̀. "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi mi ni, màá sì mọ ohun tí mò ń sunkún lé lórí. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Dírẹ́bà ọkọ̀ panápaná ló gbé wọn lọ. Àgbà ọkùnrin ni, òun àti Gàgàrà ni wọ́n jọ jáde lọ́jọ́ náà, òun ló wà nídìí ọkọ̀ nígbà tí Gàgàrà wọlé. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó ní òun ò lè wọ ibẹ̀ mọ́ láyé òun. Abèèrè ní kó dúró ti ọkọ̀, kó di rédíò kan mú.

Inú sítọ̀ọ̀ náà dúdú, ó ń rùn bí rọ́bà. Fóòmù ti yọ́, ó ti gan mọ́ ilẹ̀. Ẹnjiníà fi ibi tí wọ́n ti gbé òkú hàn án. Abèèrè bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wá dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe ní ọmọ náà dùbúlẹ̀, àwọ̀ dúdú sì gba gbogbo aṣọ rẹ̀.

"Dókítà ní èéfín ló pa á, kì í ṣe iná," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Ó sì ní kò kú kíá. Ó wà níbí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há. Rédíò wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó wọ ìbọ̀wọ́ Gàgàrà, ó gbé rédíò. Ó rọra tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, ó wọlé, ó ké píì. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ké. Kò sí ìṣòro. Ó wá gbìyànjú láti yára tẹ̀ ẹ́, kíá-kíá-kíá. Bọ́tìnnì tuntun yìí kéré, ó sì rì sínú. Ìbọ̀wọ́ ńlá náà ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó fi í sábẹ́ àyà kó má sọnù, ó fi àtàǹpàkò lásán tẹ̀ ẹ́. Ó yá wàrà.

Abèèrè dáwọ́ dúró. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lè fi ìbọ̀wọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ kíá-kíá nìkan ló ní láti bọ́ ọ. Kí lèèyàn ń fi títẹ̀ kíá-kíá ṣe?

Ó tẹ rédíò, ó dúró de píì. "Dírẹ́bà, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Kò sí èsì. Ó gbórí sókè, ó wo ìta láti ojú fèrèsé tó ti jó. Dírẹ́bà dúró ti ọkọ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, kíá-kíá. Rédíò ọwọ́ Abèèrè ò tilẹ̀ mí. Ọkùnrin náà wo àtàǹpàkò ara rẹ̀ sùn-ùn. Ojú rẹ̀ yí padà, bí ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ là lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, lọ́tẹ̀ yìí ó dúró de píì.

"Mo wà níbí, Màmá," ohùn rẹ̀ wọlé ketekete.

* * *

"Kí lẹ kọ́kọ́ ṣe kí ẹ tó dá mi lóhùn?" Abèèrè bi í.

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ìka yín ṣe nǹkan kan."

Dírẹ́bà fẹ̀yìn ti ọkọ̀, ó rọ́ lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó sínú eérú. "Yéè, mo gbé!" Àgbà ọkùnrin náà bú sẹ́kún. "Ó kànkùn! Ọmọ yẹn kànkùn, a ò gbọ́!"

Ẹnjiníà bẹ́ jáde. "Kànkùn bíi báwo?"

Ẹkún ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè jáde. Ìbòjú tí panápaná ń gbé mọ́ imú nínú èéfín kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé ẹnikẹ́ni, èéfín fóòmù kì í sì í gbà kéèyàn ṣí i fún ìmí kan ṣoṣo. Nítorí náà, láyé rédíò àtijọ́, àwọn àgbà iṣẹ́ dá ọgbọ́n kan. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì kíá, rédíò yòókù á dún kọ́. Kọ́-kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo wà láàyè. Kọ́-kọ́-kọ́ léraléra, ẹ wá fà mí jáde. Ìkànkùn ni wọ́n ń pè é. Gàgàrà ti kànkùn rí nínú iná kan, Olóhùn-Iyọ̀ gbọ́ ọ, wọ́n sì fà á jáde láàyè.

"Ẹni tí kò bá kànkùn, iṣẹ́ ló ń ṣe," Dírẹ́bà ní. "Mo dúró síbí yìí, mo ń gbọ́ kí ó kànkùn. Mo ní ṣebí ara rẹ̀ le. Mo tilẹ̀ mu omi, Màmá. Mo mu omi."

Ẹnjiníà ti di orí mú. "Rédíò tuntun ò lè gbé ìyẹn. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá òpó, kó tọrọ àyè, kí òpó tó fún un. Ìyẹn ni píì. Bí o bá ti jáwọ́ kí píì tó dún, kò sí nǹkan tó jáde. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ títí di ọ̀la..." Kò lè parí rẹ̀. Ó yíjú sí Dírẹ́bà, inú ló ń bí i tàbí ẹkún ni, òun pàápàá ò mọ̀. "Mo bi yín! Ọjọ́ tí mo wá kọ́ yín, mo bi yín bóyá ẹ tún ń fi rédíò àtijọ́ ṣe nǹkan mìíràn. Bọ́tìnnì pupa kan wà lórí eléyìí tí mi ò tíì yan iṣẹ́ kankan fún. Ǹ bá ṣètò rẹ̀ kó máa kànkùn fún yín, títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré. Kò sẹ́ni tó fọhùn!"

"Ọ̀gá jókòó tì yín," Dírẹ́bà dá a lóhùn. "Ọ̀gá ti fòfin de ìkànkùn. Ó ní kò sí nínú ìlànà, ó ní ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀rọ̀. Ó ti kìlọ̀ fún Gàgàrà pé bó bá tún ṣe é, ilé ló ń lọ. Ta ló fẹ́ la ẹnu níwájú rẹ̀?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ti rí ohun tó wá wá, ó sì ń ṣe é bíi kó má ti rí i.

* * *

"O ò sùn," Abèèrè sọ fún Olóhùn-Iyọ̀. "Aboyún tó ò ń júwe ọ̀nà fún ti bí. Awakọ̀ ní kí n kí ọ."

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. Fún ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rín fẹ́ yọ lójú rẹ̀, ó sì kú síbẹ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé ó kànkùn?"

"Nígbà tí wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà ní ìhòòhò." Kò tiẹ̀ gbìyànjú láti sẹ́ mọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ráhùn pé bọ́tìnnì yẹn kéré."

"Kí ló dé tí o fi ní o sùn?"

"Kí ni kí n sọ, Màmá? Lọ́jọ́ tí Ẹnjiníà bi wá, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ nawọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lórí itan. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó mú ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni mò ń dáàbò bò. Mo ń wo ojú ọ̀gá, mi ò wo ojú ikú." Ó ń fi ọwọ́ gbá àyà rọra, lọ́nà tí kò dùn ún wò. "Ẹni tó sùn sàn jù mí lọ. Oorun ló gbé tirẹ̀ lọ. Èmi, ojú mi là kedere nígbà tí mo pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu mọ́."

Abèèrè jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì.

"Bí mo bá sì sọ ọ́," ọmọbìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "wọ́n á ní àìgbọràn ló pa á. Wọn ò ní kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri pẹ̀lú àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé mo sùn. Mo bẹ̀ yín ni."

"Ṣé ibùdó tìrẹ nìkan ló ń kànkùn?"

Ìyẹn yíjú sí ojú fèrèsé.

"Mò ń bi ọ́ ni, ọmọ mi."

"Rárá. Gbogbo ibùdó ni. Àwọn àgbà ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀rọ̀."

"Irú rédíò yìí sì ti wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bí iná bá ṣẹ́ yọ lẹ́yìn òkè lọ́sàn-án yìí, tí igi wó lu ọmọ ẹlòmíì, kí ni yóò ṣe?"

Olóhùn-Iyọ̀ fi ọwọ́ bo ojú.

"Bí o bá ní o sùn, ọ̀rọ̀ náà parí sórí rẹ, rédíò ò lẹ́bi, kò sẹ́ni tí yóò yí nǹkan kan padà. Ìyá mélòó lo fẹ́ kó wá bá ìyá rẹ sunkún?" Abèèrè ò gbé ohùn sókè. "Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Gàgàrà ti jìn. Àfi kí ìwọ bá a sọ ọ́."

* * *

Inú yàrá kan tí aṣọ kún ni Abèèrè ti bá ìyá wọn. Obìnrin náà ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀, bó bá ká a tán, á tú u, á tún un ká.

"Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dé ibùdó. Ọmọ yín fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Ọmọ wo? Èyí tí mo ní ti wà ní mọ́ṣúárì."

"Ẹ kàn wá gbọ́ ọ. Bí ẹ bá gbọ́ tán tí ẹ ò fẹ́ rí i mọ́, màá mú yín padà wálé fúnra mi."

Ìyá náà ká ẹ̀wù kan tán kó tó dìde.

Ọ̀gá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rédíò nígbà tí wọ́n dé, ó na apá bí ẹni tó ń dá màlúù padà. "Màmá Abèèrè, ẹ ò lè jẹ́ kó bá gbogbo agbègbè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí! Ẹ fẹ́ dójú tì wá ni?"

"Ọ̀gá, nígbà tí wọ́n bi àwọn ọmọ yìí léèrè, wọ́n wo ojú yín kí wọ́n tó dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ojú yẹn kúrò lójú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan."

Ọkùnrin náà sún sẹ́yìn. Olóhùn-Iyọ̀, tí ọlọ́pàá kan ti mú wá láti àtìmọ́lé, jókòó sórí àga rẹ̀, kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn òun. Ó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, ó dúró de píì.

"Ẹ̀yin ibùdó gbogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Èmi ni mò ń gbọ́ rédíò lọ́jọ́ tí panápaná wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò sùn. Ó kànkùn títí ó fi kú, mo jókòó síbí, mo ń fetí sí i, mi ò gbọ́, torí rédíò tuntun yìí kì í gbé ìkànkùn. A mọ̀ pé a máa ń kànkùn. Wọ́n bi wá, a dákẹ́. Èmi ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́." Ó tún tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ gírígírí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é ní kọ̀rọ̀, mo mọ̀ yín, ẹ dákun, ẹ má gbé ẹ̀mí yín lé ìkànkùn mọ́. Ẹ lọ sọ ọ́ fún Ẹnjiníà. Bí ọ̀gá yín bá wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣàìgbọràn. Ó ń pè mí ni."

Ó jọ̀wọ́ bọ́tìnnì.

Ohùn àgbà ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ wọlé, láti òkèèrè. "A gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ní ibùdó tiwa, a ń kànkùn. A ò ní ṣe é mọ́." Òmíràn tẹ̀ lé e: "Àwa náà. Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Obìnrin kan wọlé, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ló bú sí. Ọ̀gá bọ́ fìlà lórí, ó ní kí Dírẹ́bà wá ẹni tó ń kọ orúkọ sára ògiri wá fún òun, ó sì jáde kí wọ́n má bàa rí ojú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìyá náà tó sọ̀rọ̀.

"Ìwọ lo pa á lẹ́nu mọ́?"

Olóhùn-Iyọ̀ ta gìrì. Ó rọ́ sórí eékún lọ́gán. "Èmi ni, Màmá."

Ìyá rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Nígbà tí bàbá yín kú, tí mò ń kó yín lọ́wọ́ lọ fọṣọ nílé àwọn ọlọ́lá," ìyá náà bẹ̀rẹ̀, "kí ni mo máa ń sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà ká tó wọlé?"

"Màmá..."

"Kí ni mo máa ń sọ?"

"Ẹ máa ń ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Bí èyíkéyìí nínú yín bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú wọn, ta ló ń tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà gbé ojú sókè wò ó.

"Èmi ni," ìyá rẹ̀ wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá kékeré náà, ó fa orí ọmọ rẹ̀ mọ́ itan. Àwọn ohùn ṣì ń wọlé láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń dárò, wọ́n ń béèrè bóyá ẹni tó wà nínú yàrá rédíò ń gbọ́ àwọn. Abèèrè ló jókòó sórí àga, ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.